Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Báwo Ni Ẹja 70 Euro Ṣe Di 98 ní Ilé Oúnjẹ Àwọn Ará Gíríìsì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì lọ lo ìsinmi ní erékùṣù Kírétè ní ilẹ̀ Gíríìsì láti London níbí. A jẹun ní ilé oúnjẹ ìdílé kan létí òkun, níbi tí bàbá ti ń yan ẹja, tí ìyá ń sebẹ̀, tí ọmọ wọn sì ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Bàbá náà tiẹ̀ pè wá lọ wo ẹja lórí yìnyín, a rò pé ó fẹ́ fi yangàn ni. Iye tí wọ́n kọ sí ẹja tí a yàn jẹ́ 70 euro, ṣùgbọ́n 98 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, wọ́n sì tún ka búrẹ́dì tí a kò béèrè mọ́ ọn. Ẹnì kan sọ nínú fídíò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rẹ́ aláwọ̀ dúdú jẹ níbẹ̀, àti pé òfin wọn gbà wá láyè láti dìde láìsanwó. Kí ni kí á ṣe nígbà mìíràn?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin mi, ẹ kú ìrìn àjò, ẹ sì kú ìnáwó. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣètò ìrìn àjò fún àwọn ènìyàn wa tó ń gbé Ìlú Ọba lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì, ìbéèrè yìí kì í tán nílẹ̀ ní ìgbà ooru, fídíò tí ẹ wí yìí sì ti dá kún un. N kò lè búra fún gbogbo olóúnjẹ tó wà níbẹ̀, nítorí pé kò sí ibi tí àlejò ti pọ̀ tí àwọn tó ń rẹ́ àlejò jẹ kì í sí. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ẹ kọ sí mi, n kò rí olè kankan.

70 euro kì í ṣe owó ẹja yín. Owó kílò kan ni. Ní ilé oúnjẹ ìbílẹ̀ àwọn ará Gíríìsì, èyí tí wọ́n ń pè ní tavérna, ẹja ńlá tí wọ́n pa nínú òkun kì í ní iye kan pàtó, nítorí pé ẹja méjì kì í tẹ̀wọ̀n dọ́gba. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ rí ni wọ́n máa ń kọ «το κιλό» (ìyẹn kílò kan) tàbí «kg» sí ní lẹ́tà kékeré. Bí ẹja yín bá jẹ́ kílò kan àti gíráàmù 400, 70 lọ́nà 1.4 jẹ́ 98 géérégé. Ẹni tó bá ti ra ẹja yìnyín rí n'Íbàdàn mọ̀ pé iye tí wọ́n kọ sára pátákó kì í ṣe owó odidi páálí, kò sì sí ẹni tó ń pariwo olè níbẹ̀. N kò mọ ìdí tí ọgbọ́n yẹn fi ń fi wá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì.

Ibi yìnyín tí bàbá náà pè yín sí gan-an ni ọjà ti ń wáyé. Ó pè yín kí ẹ lè wò ó bóyá ojú ẹja mọ́, kí ẹ yan èyí tó wù yín, kí ó sì gbé e sórí òṣùwọ̀n lójú yín. Àkókò yẹn ni ó yẹ kí ẹ béèrè pé kílò mélòó ni, àti pé èló ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́, kí iná tó kan ẹja náà. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìtìjú. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn ń béèrè rẹ̀. Bí iye náà bá pọ̀ jù, ẹ ní kí ó mú èyí tó kéré. Ẹ fi sọ́kàn pẹ̀lú pé kí wọ́n tó ha ìpẹ́ ẹja, kí wọ́n sì tó yọ ìfun rẹ̀, ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, nítorí náà ohun tó dé orí àwo yóò fúyẹ́ ju ohun tó wà lórí òṣùwọ̀n lọ. Èyí náà kì í ṣe ojóòró. Odidi ẹja tó wọn gíráàmù 350 sí 400 sábà máa ń tó àgbàlagbà kan. Kì í sì ṣe ẹja nìkan: egungun ìhà ọ̀dọ́ àgùntàn yíyan tí wọ́n ń pè ní paidákia, kílò ni wọ́n sábà fi ń tà á níbi tí wọ́n ti ń yan ẹran, kílò náà ni wọ́n sì fi ń ka wáìnì tí wọ́n ń rọ láti inú àgbá, tó bẹ́ẹ̀ tí «misókilo», ìyẹn ìdajì kílò, fi jẹ́ ìdajì lítà.

Bí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà ìṣirò, ẹ béèrè fún gávros tàbí sadínì. Àwo ni wọ́n fi ń ta àwọn ẹja kéékèèké wọ̀nyí, iye tí ẹ bá rí náà ni ẹ ó san. Ẹja tsipúra àti lavráki tí wọ́n ń sìn kì í wọ́n bí ẹja tí wọ́n fi àwọ̀n kó. Ilẹ̀ Gíríìsì wà lára àwọn tó ń sin irú ẹja méjèèjì yìí jù ní Yúróòpù. Bí àmì ìràwọ̀ tàbí «κατ.» bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oúnjẹ, ẹja dídì ni, kì í ṣe ẹja tútù.

Ní ti àwọ̀, n kò lè rí inú ọkàn ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kò mọ àwọ̀, ará Jámánì àti ará abúlé wọn náà ń san owó kílò.

Búrẹ́dì yẹn, owó orí tábìlì ni, kuvér ni wọ́n ń pè é, ó sábà máa ń jẹ́ euro kan tàbí díẹ̀ lé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì yẹ kí ó wà nínú ìwé oúnjẹ. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, ẹ dá a padà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́ tán, ẹ sanwó rẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé ẹ kò mẹ́nu kan bàrà àti ife kékeré ràkí, ọtí líle wọn, tí wọ́n sábà máa ń gbé kalẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ní Kírétè. Ìyẹn náà, ẹnikẹ́ni kì í béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n èènì ni, wọn kì í gbowó rẹ̀.

Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, òfin sì lè yí padà, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ẹ̀rí ní kóòtù. Ohun tí onífídíò náà rí ni ìkìlọ̀ kan tó máa ń wà nínú ìwé oúnjẹ ní ilẹ̀ Gíríìsì, pé oníbàárà kò ní láti sanwó bí wọn kò bá fún un ní rìsíìtì tó bófin mu. Owó orí ni òfin náà ń lépa, kí olóúnjẹ má baà fi ohun tó tà pamọ́ fún ìjọba. Kò sọ pé kí ẹ jẹ ẹja tán kí ẹ sì máa lọ. Ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn burúkú yẹn lè bá ọlọ́pàá pàdé kí ó tó dé hòtẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá jẹ́ bébà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ni wọ́n gbé wá, ẹ sọ pé «apódixi» ni ẹ ń fẹ́, ìyẹn rìsíìtì tí ẹ̀rọ tẹ̀. Bí iye inú rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìwé oúnjẹ, ẹ ya fọ́tò méjèèjì, kí ẹ pe ọlọ́pàá àwọn arìnrìn-àjò sórí 1571.

Ẹ má sì jókòó kí ẹ máa retí ìwé owó, nítorí pé wọn kì í sábà gbé e wá títí ẹ ó fi pè fún un. Lójú wọn, àfojúdi ni láti fi ìwé owó lé àlejò dìde. Owó orí ọjà ti wà nínú iye náà, ẹyọ owó díẹ̀ fún ọmọ tó gbé oúnjẹ sì tó.