Àwo kejì Bonobo: ṣé ó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kò wọ̀ láàrin èmi àti ẹ̀gbọ́n mi níhìn-ín ní Ìtòkò, Abẹ́òkúta, lórí *Dial 'M' for Monkey*, àwo kejì tí Bonobo, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin pẹ̀lẹ́, gbé jáde ní ọdún 2003. Ẹ̀gbọ́n mi ní *Animal Magic* ti ọdún 2000 ni ó tún gbé kaná bí ọbẹ̀ àná; àwọn ọ̀rẹ́ wa sì ní orin tí kò ní akọrin kò tíì pé.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n yín kò jẹ̀bi tán, nítorí ìlù tó ń rìn jẹ́jẹ́ wà nínú àwo méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fetí sí gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ dáadáa, ó dà bíi pé àwọn eléré jókòó papọ̀ nínú èkejì, tí ti àkọ́kọ́ sì jọ iṣẹ́ ẹnìkan nínú yàrá. Ti àwọn ọ̀rẹ́ yín ni n kò fara mọ́ rárá. Ẹni tó ti gbọ́ dùndún tó ń sọ̀rọ̀ láìlẹ́nu (Ẹ̀gbá kan kò sì lè ní òun kò gbọ́ ọ rí) kò yẹ kó máa wá akọrin kiri. Bí wọ́n bá ṣì fẹ́ ohùn, Bajka kọrin nínú àwo kẹta, *Days to Come*, ti ọdún 2006.