Awọ inú ilé ọmọ mi nípọn, kí ló dé tí ọlẹ̀ kò dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ilé ọmọ mi, wọ́n ní awọ inú rẹ̀ nípọn tó mílímítà 9, pé ó dára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé ọlẹ̀ sí i, kò dúró. Dókítà wá ní ó lè jẹ́ àmì orí jíìnì. Ṣé àrùn ìdílé nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ fọkàn balẹ̀. Jíìnì yín, ìyẹn ìtọ́ni tí ara jogún láti ọ̀dọ̀ òbí, lè pé láìlábùkù. Orí rẹ̀ ni àmì yìí, ìyẹn àwọn èròjà kéékèèké, ń wà. DNA, okùn tí jíìnì wà lórí rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan, gùn tó mítà 2, ó sì lọ́ mọ́ àwọn purotéènì tó ń jẹ́ histone bí òwú ṣe ń lọ́ mọ́ igi. Ibi tó bá lọ́ le pinpin, sẹ́ẹ̀lì kò lè kà á. Ibi tó bá dẹ̀ ló ń kà. Àmì náà wà lára ohun tó ń mú kó le tàbí kó dẹ̀.

Họ́mónù kan tó ń jẹ́ estrogen ló ń mú kí awọ náà nípọn. Lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde, họ́mónù mìíràn, progesterone, á gba iṣẹ́: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó rí tín-ín-rín á wú, wọ́n á di roboto, wọ́n á sì máa pèsè họ́mónù tó ń jẹ́ prolactin. Kí èyí tó ṣeé ṣe, EZH2, purotéènì tó ń fi àmì ìdènà sórí histone, gbọ́dọ̀ dínkù, kí àmì náà lè kúrò lórí jíìnì prolactin. Nǹkan bí ọjọ́ 6 sí 10 lẹ́yìn tí ẹyin jáde ni awọ náà ń gba ọlẹ̀. Ìnípọn nìkan ni ẹ̀rọ yẹn ń wọ̀n, kò rí ìmúrasílẹ̀ yìí rárá.

Níbi endometriosis, ìyẹn kí irú awọ yìí máa hù síta ilé ọmọ, àmì methyl, tó sábà máa ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́, lè pọ̀ jù lórí HOXA10, jíìnì kan tó ń ran awọ náà lọ́wọ́ láti gba ọlẹ̀, àti lórí jíìnì tó ń ṣe ohun tí progesterone ń dì mọ́. Progesterone á kún inú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kò sì ní gbọ́ ohun tó ń wí. Nítorí náà, bí nǹkan oṣù bá ń dùn yín gan-an, tàbí ìbálòpọ̀ ń fa ìrora fún yín, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà.

Ẹ yẹ ọjọ́ wò pẹ̀lú: ọlẹ̀ ọlọ́jọ́ 5 sábà máa ń wọlé lẹ́yìn tí progesterone bá ti lo ọjọ́ 5 gbáko. Ẹ béèrè nípa ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ náà, torí àṣìṣe nínú kúrómósómù rẹ̀ (àwọn ìdì DNA inú sẹ́ẹ̀lì) ló sábà máa ń fà á tí kì í fi í dúró.

Kò tíì sí oògùn tí ilé ìwòsàn fi ń nu àmì wọ̀nyí kúrò kí ọlẹ̀ lè dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà á fún yín, ẹ béèrè ẹ̀rí kí ẹ tó sanwó.