Ìjà Tó Ń Lọ Nínú Ìgbín Odò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní abúlé wa lẹ́bàá Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ nínú adágún ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹnì kan ní aràn ara pẹ́pẹ́yẹ máa ń jẹ aràn àtọ̀sí ajá nínú ìgbín, pé ká lọ kó pẹ́pẹ́yẹ síbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ wà níbẹ̀, ìyá wa, àmọ́ ẹ má tíì ra pẹ́pẹ́yẹ.

Bí ọmọ tó ní àtọ̀sí ajá bá tọ̀ sómi, ẹyin aràn náà á pa, ọmọ rẹ̀ á sì wọ inú ìgbín Bulinus. Ẹ gbé ìgbín yìí ró kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín: apá òsì ni ẹnu náà máa wà. Nínú ìgbín, aràn náà á di àpò gígùn tí kò lẹ́nu, awọ ara ló fi ń fa oúnjẹ mu. Ti aràn Echinostoma, tó ń gbé nínú ìfun pẹ́pẹ́yẹ, yàtọ̀: ọmọ tiẹ̀ lẹ́nu, ó ní ọ̀fun, ó sì ní ìfun. Bí méjèèjì bá pàdé nídìí ẹ̀dọ̀ ìgbín, ẹlẹ́nu á gbé aláìlẹ́nu mì.

Ibi tó ti wá le nìyí. Pẹ́pẹ́yẹ tí kò ní aràn Echinostoma kò ní ẹyin aràn kankan láti yà sómi. Ìgbín tí aràn méjèèjì jọ wọ̀ kì í sì í pọ̀. Kí ẹlẹ́nu tó pọ̀ tó láti ṣẹ́gun, àpò àtọ̀sí ajá tó ti dàgbà ṣáájú á ti máa tu ọmọ aràn sómi. Lójoojúmọ́ sì ni àwọn ọmọ ń tọ̀ sí i! Àwọn aràn ẹlẹ́nu kan tún lè wọ ènìyàn tó bá jẹ ìgbín odò tí kò jinná.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbín yín ní àrùn? Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi asẹ́ kó wọn, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú gíláàsì olómi mímọ́. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ láti aago mẹ́wàá àárọ̀ fún wákàtí méjì, kí ẹ wá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó lórí aṣọ dúdú. Bí ọmọ aràn bá jáde sínú omi náà, èyí tí ìrù rẹ̀ là sí méjì bíi fọ́ọ̀kì lè jẹ́ ti àtọ̀sí ajá. Ẹ da omi híhó sí i, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sílé ìwòsàn fún praziquantel. Mílígíráàmù 40 ni fún kílò kan, nítorí náà ọmọ oníkílò 20 á lo 800. Oògùn náà kì í pa aràn tó ṣì kéré, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n tún yẹ ìtọ̀ wò lẹ́yìn oṣù méjì. Omi ìwẹ̀ ńkọ́? Ẹ pọn ọ́n sínú ìkòkò tí kò ní ìgbín, ẹ dé e fún ọjọ́ méjì gbáko kí ẹ tó lò ó. Ọmọ aràn tó wà nínú rẹ̀ á ti kú.