Ṣé "ìwà jọ̀wà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ̀rẹ́" ní ká máa fara wé ẹgbẹ́ wa ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. N kì í lọ òde àríyá, n kì í ra aṣọ ẹbí, ìwé kíkà ni mo fẹ́ràn. Àwọn ojúgbà mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni kò mọ fàájì, pé owó ni mò ń ṣọ́. Mo ráhùn fún ẹ̀gbọ́n mi kan, ó ní "ìwà jọ̀wà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ̀rẹ́," kí n yáa máa ṣe bí wọ́n ti ń ṣe. Ṣé ohun tí òwe yẹn ń wí nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ mọ òwe pa, ibi tó lò ó sí ni kò bá a mu. Ìwà tí àwọn àgbà ń wí kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe ijó, kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti bíni. Òótọ́ inú, sùúrù, ká lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni kó má dé ìta: ìyẹn ni ìwà. Oníjó lè bá ẹni tí kò mọ ẹsẹ̀ ijó kankan ṣọ̀rẹ́ dọjọ́ alẹ́. Olóòótọ́ àti ọ̀dàlẹ̀ ńkọ́? Kò ní pẹ́ tú ká.

Ẹgbẹ́ àti ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ ọ lójú. Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀bú, o kúkú mọ regbéregbé. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mẹ́ta síra wọn ni wọ́n ń kó sí ẹgbẹ́ kan, irú Gbóbaníyì tàbí Bọ́bagúnwà. Láyé Awùjalẹ̀ Ṣíkírù Adétọ̀nà, tó wà lórí oyè láti 1960 títí tó fi wàjà ní 2025, ni wọ́n sọ ọ́ jí. Tó bá di ọjọ́ kẹta Ìléyá, tí wọ́n bá wọ aṣọ ẹgbẹ́, tí wọ́n ń jó lọ kí ọba ní Ojúde Ọba, ó wu ojú rí, n ò ní purọ́. Àmọ́ ọjọ́ ìbí ló kó wọn jọ. Ẹnikẹ́ni ò yẹ ìwà ẹnikẹ́ni wò kó tó bá a tò.

Ọ̀rẹ́ ní tirẹ̀, yíyàn ni. Láyé àtijọ́, bí ẹni méjì bá fẹ́ kó kọjá ojúlùmọ̀, wọ́n á mulẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ ihò kékeré sílẹ̀, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á pa obì. Àwọn méjèèjì á kúnlẹ̀, wọ́n á mu nínú omi náà, wọ́n á jẹ nínú obì. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ẹni tó bá da ilẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. (N ò ní kí o lọ mulẹ̀ o!) Wo ibi tí mo ń lọ: ọmọ bàbá kan náà, ẹ̀jẹ̀ ti so wọ́n pọ̀. Àwọn tí kì í ṣe ẹbí ni ìmùlẹ̀ ń sọ di ọmọ ìyá. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé alábàárò ẹni lè wá láti ibi tí kò jọ tiwa rárá.

Ti yẹ̀yẹ́ ìlú, gbogbo wa la ní tiwa. Wọ́n ń pe Ìjẹ̀ṣà ní òṣómàáló nítorí àwọn oníṣòwò aṣọ wọn tó ń tà láwìn, tí wọ́n á sì lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Ọmọ Iléṣà tí kò ta aṣọ rí ṣì ń jẹ orúkọ náà lónìí, àwọn míì tilẹ̀ ń fi yangàn. Ẹ̀fẹ̀ kò burú. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, ẹni tó bá rí i pé ojú rẹ ti yí padà, tó panu mọ́, tó wá bi ọ́ níkọ̀kọ̀ pé "ṣé kò sí o?", mú un dání. Ẹni tó tún ń bá yẹ̀yẹ́ lọ, ojúgbà lásán ni.

Síbẹ̀, má tìtorí ìwé kó ara rẹ mọ́lé o. Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹ ni. Òde ayọ̀ ṣeé fò nígbà míì, òde ọ̀fọ̀ kò ṣeé fò. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé bíi tìrẹ náà sì wà n'Ìbàdàn níbẹ̀, àfi kí o wá wọn lọ.

Tó bá jẹ́ ti aṣọ ẹbí, tètè wí fún olóde, má jẹ̀ẹ́ kó dọjọ́ ìnáwó: "N ò ní lè ra aṣọ, àmọ́ mò ń bọ̀." Béèrè àwọ̀ fìlà, fìlà nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn ń rà báyìí, wọ́n á wọ aṣọ tiwọn sí i. Kí o sì tètè dé, kí o bá wọn to àga.