Aago Ìmúròde Àlòkù: Èyí Tó Ń Dán Ni, àbí Èyí Tó Ti Ṣá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo fẹ́ ra aago ọwọ́ àtijọ́ kan tí màá máa wọ̀ sí aṣọ iyì. Méjì ni mo rí, aago ayé 1950 sí 1960 ni wọ́n pe méjèèjì, yíyí ni a sì ń yí wọn. Ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ wúrà, ojú rẹ̀ funfun báláú, ó sì wọ́n ju èkejì lọ dáadáa. Èkejì jẹ́ irin lásán, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ìwé tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni. Èwo ni kí n gbé?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Èyí tí ojú rẹ̀ ti pọ́n yẹn ni èmi yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí aago bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ojú rẹ̀ ṣì funfun báláú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti tún un kùn, àtúnkùn sì máa ń gé iye owó irú aago bẹ́ẹ̀ lulẹ̀ gan-an. Ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó: bí lẹ́tà orúkọ iléeṣẹ́ bá ki jù, tí àwọn ilà ìṣẹ́jú kò sì bá àmì wákàtí ṣe déédéé, ọwọ́ ẹlòmíràn ti kàn án.

Kí wúrà náà má tàn yín jẹ. Ògidì wúrà sábà máa ń ní òǹtẹ̀ bíi 750 tàbí 585 nínú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kò bá sí òǹtẹ̀ kankan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọ́n kàn fi wúrà bo irin mìíràn ni, igun tí okùn aago so mọ́ ni yóò sì ti kọ́kọ́ bó.

Inú aago gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ níṣojú yín, bí ó bá sì ń ṣàlàyé dípò kó ṣí i, ẹ fi aago rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bí irin tín-ín-rín tí a fi ń yí i bá ti dípẹtà, omi ti wọ̀ ọ́ rí. Bí orí àwọn síkúrù bá ti họ, ẹni tí kò mọṣẹ́ ti tú u. Yíyí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ geere láìha lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ aago ìgbà náà ń lù ní ìgbà 18,000 ní wákàtí kan, ìyẹn ìgbà márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà bí ẹ bá gbé e sétí tí ìró rẹ̀ ń tiro, iṣẹ́ ń bẹ lára rẹ̀.

Orúkọ kì í ṣe gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n ó dára kí a lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. Ìdí nìyẹn tí àwọn atún-aago-ṣe fi fẹ́ràn ẹ̀rọ inú aago tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 30, èyí tí iléeṣẹ́ Omega bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1939.

Ní ti àtúnṣe tí wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, bí kò bá sí rìsíìtì, ẹ kà á sí pé wọn kò ṣe é, kí ẹ sì yọ owó rẹ̀ nínú iye tí ẹ máa ná an. Bí ẹ bá rà á tán, ẹ máa bọ́ ọ kí ẹ tó fọwọ́ kan omi, ohun yòówù kí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, nítorí rọ́bà tó ń dí omi nínú rẹ̀ ti gbó.