Ìṣubú Kì í Mọ́ Ọrùn Lára: Ìdí Tí Àwọn Oníjàkadì Fi Ń Pa Àrà Eléwu Tì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 kò fẹ́ràn ohun mìíràn bí ìjàkadì WWE, ti àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kó fóòmù jọ sẹ́yìn ilé, wọ́n ń fò láti orí ògiri, wọ́n ń tàkìtì lé ara wọn lórí. Nígbà tí mo bá a wí, ó ní àwọn gbajúmọ̀ oníjàkadì náà ṣe é nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, pé ara wọn ti mọ́ ọn, àti pé ìgbà tí wọ́n lówó tán ni wọ́n ya ọ̀lẹ tí wọ́n fi pa á tì. Èmi náà ti ṣàkíyèsí pé àwọn tí mò ń wò tipẹ́tipẹ́ kì í fò mọ́. Ṣé òótọ́ ni ọmọ yìí ń sọ? Ṣé kí n jẹ́ kí ó máa ṣe é nísinsìnyí tí egungun rẹ̀ ṣì rọ̀, kí ó sì jáwọ́ bí ó bá dàgbà?

Ìdáhùn: Kí n tó dáhùn ohunkóhun, ẹ ní kí àwọn ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí ògiri yẹn lónìí, kí ẹ sì kó fóòmù náà kúrò níbẹ̀. Oníṣẹ́ físíò ni mí, èmi kì í ṣe dókítà oníṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ mi ni kí n ran ẹni tí eegun, iṣan tàbí oríkèé rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́wọ́ kí ó lè tún máa lo ara rẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán ni wọ́n sábà máa ń gbé ènìyàn wá bá mi. Ìbéèrè yín kọ́ ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí mo gbà, gbólóhùn kan náà ló sì máa ń wà nínú gbogbo wọn: "ara wọn ti mọ́ ọn." Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ bá wọ ìjàkadì, nítorí pé òun gan-an ló gbé ọmọ yín gun orí ògiri.

Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ kò gba àkókò. Ẹni tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, tó sì ń jà ju 200 alẹ́ lọ lọ́dún, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1990, kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn tó ń sọ pé eré lásán ni náà kò jìnnà sí ọmọ yín. Lóòótọ́ ni wọ́n ti máa ń mọ ẹni tí yóò borí kí wọ́n tó wọlé, lóòótọ́ sì ni àwọn tó ń jà ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n ti ṣe ìpinnu náà. Pákó tí wọ́n tò sórí irin ni pèpéle ìjà wọn, fóòmù tín-ínrín àti aṣọ tí wọ́n nà lé e lórí ló kù. Ẹni tó bá jábọ́ láti ibi tó ga ní mítà méjì yóò kan ilẹ̀ pẹ̀lú eré tó ju kìlómítà 22 lọ ní wákàtí kan, yálà òun ni wọ́n ṣètò pé kí ó borí tàbí òun kọ́.

Ní ti ara tó ń mọ́ nǹkan, òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀tàn sì ti ń wọlé. Ẹran ara máa ń le sí i bí a bá ń lò ó. Eegun pàápàá máa ń nípọn sí i níbi tí ẹrù bá ti ń tẹ̀ ẹ́ déédéé. Ọgbọ́n ìṣubú náà sì ṣeé kọ́: kí ènìyàn fi gbogbo ẹ̀yìn kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó fi apá méjèèjì gbá ilẹ̀, kí ó fa àgbọ̀n mọ́ àyà kí ìpàkọ́ má baà kan pákó. Èyí wà lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìjàkadì. Ohun tí ọgbọ́n yìí ń ṣe ni pé ó ń pín agbára ìṣubú káàkiri ara. Kò pa agbára náà run, ibi tí ó sì ń lọ fara pamọ́ sí ni àwọn ọmọdé kò mọ̀.

Láàárín eegun kan àti èkejì nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, láti ọrùn dé ìbàdí, ohun kan wà tí à ń pè ní dísìkì: ààrin rẹ̀ rọ̀, ó kún fún omi, òrùka líle sì yí i ká. Nígbà tí ènìyàn bá ti dàgbà kúrò ní ọmọ kékeré, ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dé inú dísìkì mọ́. Bíi kànrìnkàn ni ó ṣe ń fa omi àti oúnjẹ mu láti ara eegun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, bí a bá ti ń tẹ̀ ẹ́ tí a sì ń tú u sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé bẹ́ẹ̀, bí ó bá ya, kì í san bí ọgbẹ́ ara ti ń san. Bí ìṣubú bá ti ń gun orí ìṣubú, omi inú rẹ̀ á máa gbẹ, òun fúnra rẹ̀ á máa fẹ́lẹ́, eegun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hù ṣóńṣó, ihò tí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ń gbà kọjá á sì máa fún. Ẹni tó ń ṣẹlẹ̀ sí lè má mọ nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yóò máa fò, yóò máa jábọ́, yóò máa dìde, yóò sì máa sọ pé ara òun ti mọ́ ọn.

Edge, oníjàkadì ọmọ Kánádà tó gbajúmọ̀ nínú ìjà orí àkàbà ní ọdún 2000 àti 2001, ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn ní 2003, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń bá a lọ títí di oṣù kẹrin 2011, nígbà tí àwọn dókítà sọ fún un pé ihò ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti fún débi pé ìṣubú kan ṣoṣo lè rọ ọ́ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Kò jà mọ́ títí di 2020. Kò sí ọ̀lẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀rọ̀ owó.

Ọmọ yín lè sọ pé òun kò ní gun àkàbà. Ẹ jẹ́ kí ó wo Hulk Hogan nígbà náà, ẹni tí àrà rẹ̀ kò dẹ́rù bà ẹnikẹ́ni: yóò sáré, yóò fò díẹ̀, yóò gbé ẹsẹ̀ lé alátakò rẹ̀ lọ́rùn. Èyí tí òǹwòran kò rí ni pé ìdí ni Hogan fi ń jókòó lu pákó ní gbogbo ìgbà tó bá ṣe é, ọkùnrin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, alẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn. Iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn, ti ìbàdí àti ti orúnkún ló fi gba èrè rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé àrà yẹn ló ba òun lẹ́yìn jẹ́. Bákan náà ni Keiji Mutoh ní Japan, tó máa ń tàkìtì ẹ̀yìn láti orí okùn tó yí pèpéle ká, tí orúnkún rẹ̀ sì máa ń gbá ilẹ̀. Ohun rírọ̀ tó bo ojú oríkèé náà kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, bí ó bá ti jẹ tán, ó ti tán. Ní 2018, wọ́n pààrọ̀ orúnkún rẹ̀ méjèèjì sí ti irin.

Ọpọlọ burú ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé kò sí ìdánrawò kankan tó ń mú ọpọlọ le. Inú omi ló wà nínú agbárí. Bí orí bá dúró lójijì, ọpọlọ kì í dúró pẹ̀lú rẹ̀, á fi ara gbá eegun. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti mì lẹ́ẹ̀kan rí, tètè ni yóò mì nígbà mìíràn. Dynamite Kid, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń fò láti orí okùn kí ó lè fi orí kan alátakò rẹ̀, orí àga arọ ló sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó kú ní 2018. Chris Benoit, oníjàkadì ọmọ Kánádà, kọ́ àrà náà lára rẹ̀. Lẹ́yìn ikú Benoit ní 2007, nígbà tó pa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kí ó tó pa ara rẹ̀, àwọn dókítà yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ó ti bàjẹ́ gidigidi ní ẹni 40 ọdún. Mi ò ní sọ pé ìbàjẹ́ yẹn ló fa ohun tó ṣe, kò sí oníṣègùn tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ pé ọpọlọ náà kò mọ́ ọn.

Ohun kan wà nípa ọrùn tó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Ọrùn máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí a bá dúró lásán, títẹ̀ yìí àti iṣan tó yí i ká ló ń gba agbára dúró. Bí a bá tẹ orí síwájú díẹ̀, eegun ọrùn méjèèje á tò gbọọrọ, bí àtàrí bá sì kan nǹkan nígbà náà, gbogbo agbára náà gba inú eegun lọ tààrà. Ohun tó mú kí wọ́n fòfin de fífi orí gbá ènìyàn nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1976 nìyẹn, iye àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn ń rọ sì dín kù gan-an lẹ́yìn náà. Òun náà ló ṣẹlẹ̀ sí Steve Austin, oníjàkadì Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹjọ 1997, nígbà tí alátakò rẹ̀, Owen Hart, dorí rẹ̀ kodò láàárín itan, tó sì jókòó lulẹ̀ dípò kí ó kúnlẹ̀. Apá àti ẹsẹ̀ Austin kú fún ìgbà díẹ̀, agbára káká ló fi parí ìjà náà. Piledriver ni wọ́n ń pe àrà yìí. Nígbà tó yá, WWE kò gba ọ̀pọ̀ àwọn oníjàkadì wọn láyè láti ṣe é mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fòfin de fífi àga gbáni lórí ní 2010.

Ẹ kíyè sí ohun tí Austin ṣe lẹ́yìn náà. Ó pa ọ̀pọ̀ gbígbé àti sísọ tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti ọ̀rọ̀ ẹnu jà, àárín 1998 sí 1999 yẹn gan-an ló sì di gbajúmọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ náà. Àwọn àgbà oníjàkadì mọ èyí dáadáa: òǹwòran tó ti mọ̀ wọ́n kò nílò ìtàkìtì kí ó tó pariwo. Ọ̀dọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ń fi ọrùn ra orúkọ.

Ọrùn ẹlòmíràn tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé ènìyàn 100 kìlógíráàmù sókè gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yìn, èjìká àti ọwọ́ tí kì í yẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1999, alátakò Darren Drozdov, oníjàkadì Amẹ́ríkà, kò rí i dì mú dáadáa nínú àrà tí wọ́n ti ṣe rí, ọrùn Drozdov kán, kò sì lo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní 2023. Ní 2022, Big E, oníjàkadì WWE, kán eegun ọrùn méjì nígbà tí wọ́n gbé e jù sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, àrà tí ó wọ́pọ̀, kò sì tíì jà láti ìgbà náà. Mitsuharu Misawa, tó ti ń fi ọrùn gba irú ìjù-sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Japan, kú ní oṣù kẹfà 2009 lẹ́yìn tí wọ́n jù ú bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní Hiroshima. Bí ara bá ń mọ́ ọn ni, ara Misawa ni ì bá mọ́ ọn.

Ní ti pé egungun ọmọ yín ṣì rọ̀, ìdí púpọ̀ sí i nìyẹn láti dá a dúró. Ibi tí eegun ọmọ ọdún 15 ti ń dàgbà kò tíì dì, bí ó bá fọ́ níbẹ̀, ẹsẹ̀ tàbí apá náà lè wọ́. Iṣan ọrùn rẹ̀ kò tíì lágbára tó ti àgbà. Ọpọlọ ọ̀dọ́ sì máa ń pẹ́ kí ó tó bọ̀ sípò. Àwọn tí orí wọn tún gbá nǹkan kí ti àkọ́kọ́ tó san, tí wọ́n sì kú, ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí pé kí ó ṣe é nísinsìnyí kí ó jáwọ́ lọ́la, nítorí pé ohun tí wọ́n ṣe lánàá ló ń mú àwọn àgbà jáwọ́ lónìí.

Bí ìjàkadì bá wù ú, ẹ mú un lọ bá olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ìjàkadì ti Olympics, lórí mátíràsì tó yẹ, níbi tí adájọ́ ti lè dá ìjà dúró bí ọrùn bá wà nínú ewu. Odunayo Adekuoroye gba àmì ẹ̀yẹ wúrà fún Nàìjíríà ní ìdíje Commonwealth ní 2022 láìtàkìtì láti orí okùn kankan. Ewu wà níbẹ̀ náà o, mi ò sọ pé kò sí, ṣùgbọ́n ẹni tó mọṣẹ́ ń ṣọ́ ọ.

Mi ò tíì rí ọmọ yín, ohun tí mo kọ síbí kò sì lè rọ́pò àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ẹ pè é lálẹ́ òní, láìbú u, kí ẹ bi í bóyá apá rẹ̀ ti kú rí, tàbí bóyá iná jó o láti ọrùn dé ìka lẹ́yìn tó ṣubú, bóyá orí ti fọ́ ọ títí di ọjọ́ kejì, bóyá ó bì, tàbí bóyá kò rántí bí ó ṣe ṣubú. Bí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan nínú wọn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò eegun, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ó fi orí tàbí ọrùn ṣubú. Ẹ má ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fa ọrùn rẹ̀ tàbí tí yóò yí i títí tí yóò fi dún. Inú máa ń bí mi sí àwọn tó ń ṣe èyí, tí wọ́n ń sọ fún òbí pé eegun tó yẹ̀ ni àwọn dá padà, nítorí pé ọrùn tó sán díẹ̀ tó yẹ kó jinná, wọ́n lè sọ ọ́ di èyí tí ọmọ kò ní dìde mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú yín ni ó ti ṣubú, tí kò lè gbé apá tàbí ẹsẹ̀, ẹ má ṣe gbé e jókòó, ẹ má ṣe bu omi sí i lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú bí ó ṣe wà, láìfà á, títí àwọn tó mọ bí a ṣe ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi dé.