Àwòrán Ọpọlọ Kò Lè Sọ Ohun Tó Wà Lọ́kàn Àbúrò Yín Lọ́jọ́ Náà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Àbúrò mi wà ní kóòtù lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́. Ẹnì kan ní ká san owó ńlá kí wọ́n fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ya ọpọlọ rẹ̀, pé adájọ́ á rí i pé orí rẹ̀ kò pé lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹ̀rọ tó ń mú irọ́ tún wà. Ṣé ká yáwó?

Ìdáhùn: Ẹ má yá kọ́bọ̀. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń ta ìrètí fún ìdílé tó wà nínú ìṣòro.

Ohun tí abala 28 òfin ìwà ọ̀daràn wa ń béèrè ni pé: nígbà tó ṣe nǹkan yẹn, ṣé àìsàn ọpọlọ gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe, láti kó ara rẹ̀ níjàánu, tàbí láti mọ̀ pé kò yẹ kó ṣe é? Nígbà yẹn gan-an. MRI tí ẹ bá yà lóṣù tó ń bọ̀, ọpọlọ oṣù tó ń bọ̀ ló máa fi hàn.

Àìsàn tó ń mú èèyàn gbọ́ ohùn kì í sábà fi àpá sílẹ̀ tí èèyàn lè tọ́ka sí lórí àwòrán. Dókítà tó ń ka àwòrán á kọ ọ́ pé òun kò rí àléébù, agbẹjọ́rò ìjọba á sì na ìwé tí ẹ fowó yín rà sókè níwájú adájọ́. Bí wọ́n bá tiẹ̀ rí àpá ògbólógbòó kan, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní irú rẹ̀ tí wọn kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi.

Ti ẹ̀rọ tó ń mú irọ́ ńkọ́? fMRI ni wọ́n ń pè é, kò sì rí irọ́ rí. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbi tí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ ló ń wọ̀n, ìyẹn sì ń gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 6 kó tó dé góńgó. Kọ̀ǹpútà ló ń fi ìṣirò kun àwọ̀ pupa tí ẹ ń rí. Ní 2009, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé òkú ẹja salmon sínú ẹ̀rọ yìí. Nígbà tí wọn kò tún ìṣirò náà ṣe bó ṣe yẹ, ó ní ọpọlọ òkú ẹja ń ṣiṣẹ́! Ní 2010, kóòtù kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà kọ ẹ̀rí tí wọ́n fi fMRI mú irọ́: ìdánwò kan ní olùjẹ́jọ́ ń purọ́, wọ́n tún un ṣe, ó ní òótọ́ ló ń sọ. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí ìpinnu náà ní 2012.

MRI wúlò bó bá ti fi orí gbá rí, bó bá ń dákú, tàbí bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá ń rọ. EEG, àyẹ̀wò tó ń ka iná mànàmáná inú ọpọlọ, wà fún wárápá, ṣùgbọ́n ó lè má fi àléébù kankan hàn láàárín ìgbà tí gìrì kò mú un. Dókítà tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ló máa pinnu ìyẹn.

Èyí tó ń ràn wá lọ́wọ́ ní kóòtù ni ìwé. Ẹ wá káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀, kí agbẹjọ́rò gba ẹ̀dà tí ilé ìwòsàn fi òǹtẹ̀ lù. Ẹ wá ìwé oògùn. Bó bá ti gbé ilé àdúrà tàbí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ rí, ẹni tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ lè jẹ́rìí. Ẹ wá àwọn ará àdúgbò tó rí i lọ́sẹ̀ yẹn: kí ló ń sọ, ṣé ó ń sùn, ṣé ó ń jẹun, ṣé ó sá lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà àbí ó dúró? Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ fún ọlọ́pàá ṣe pàtàkì gan-an. Kí agbẹjọ́rò wá bẹ kóòtù kó pàṣẹ àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba, bí Yábàá tàbí Arò. Kó tètè ṣe é, torí òfin gbà pé orí gbogbo èèyàn pé, ẹ̀yin lẹ máa fi ẹ̀rí hàn pé tirẹ̀ kò pé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ, ẹ má sì jẹ́ kó dá oògùn dúró kí adájọ́ lè rí i bó ṣe ń ṣe. Àìsàn náà lè pa á nínú àtìmọ́lé.

N kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò, n kì í sì í ṣe agbẹjọ́rò. Ẹ bi agbẹjọ́rò yín ní ohun kan kó tó lo abala 28: bí kóòtù bá gbà á, àbúrò yín kì í sábà lọ sílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n á fi í sí àbò títí àṣẹ gómìnà yóò fi dé, ìyẹn sì lè pẹ́.